Ta Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Bá Ṣeré?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣíwọ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kálukú wọkọ̀ lọ sí Òkè-Fìà, sí Ọláìyá tàbí sí Ẹdẹ, tí àwọn mìíràn sì forí lé ọ̀nà Iléṣà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò bá ọmọ nílé tí ó tẹ orí ba sórí fóònù. Ọmọ náà ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, “Bò mí lẹ́yìn! Ó ti wọ inú ilé yẹn!” Bẹ́ẹ̀ sì ni òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ìyá rò pé ẹ̀rọ ni ọmọ ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ o. Ènìyàn ni. Ènìyàn náà lè wà ní Ìbàdàn, ó lè wà ní Kẹ́ńyà, ó sì lè wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó sì lè jẹ́ ẹni 40 ọdún.

Ohun tí a ń pè ní géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn. Àwọn kan nínú wa ti pè é ní iṣẹ́ èṣù láti òkè délẹ̀, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun mọ́ nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn ní eré ọmọdé lásán ni, wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ tì í kí ilé lè pa rọ́rọ́. Ní tiwa, a kò rí ọ̀nà tí èyíkéyìí nínú méjèèjì fi lè ran ọmọ lọ́wọ́. Òbí tí kò mọ oríṣi eré tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe kò lè mọ èyí tí ó yẹ kí òun dá dúró àti èyí tí ó yẹ kí òun fàyè gbà.

Láti ìdí ayò dé orí fóònù

Eré àjọṣe kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ rántí ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì ní ìjókòó, àwọn òǹwòran yí wọn ká lábẹ́ igi. Ọ̀ta ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran ń dá sí i, ẹ̀rín ń sọ. Nǹkan mẹ́ta ló pé síbẹ̀: eré wà, èrò wà, ojú àgbà sì wà. Gbogbo ẹni tí ó jókòó lábẹ́ igi náà ni a mọ ilé baba wọn. Bí ọmọdé bá sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àgbàlagbà kan yóò lé e lọ sílé. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kó eré àti èrò wá, ṣùgbọ́n kò kó ojú àgbà wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe dàgbà. Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí a ń pè ní Pong, nínú èyí tí ènìyàn méjì ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lójú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw àti Richard Bartle, ṣe èyí tí wọ́n pè ní MUD. Kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni púpọ̀ lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n bá ara wọn jà tàbí kí wọ́n bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré tí a ń rí lónìí.

Ní ọdún 1993, Doom jáde, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ láti fi yìnbọn lu ara wọn. Ultima Online tẹ̀ lé e ní 1997, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé nínú ìlú àfinúrò kan náà. Ní Gúúsù Kòríà, lẹ́yìn tí StarCraft jáde ní 1998, àwọn ilé tí a ti ń sanwó gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà tàn káàkiri bí ilé oúnjẹ. Nígbà tí ó fi di 2010, World of Warcraft, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ti ní ju mílíọ̀nù 12 ènìyàn lọ tí ń sanwó fún un.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1990, géèmù bíríkì aláfọwọ́mú ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀, àti Nintendo tàbí Sega tí àwọn ọmọ olówó ń so mọ́ tẹlifísọ̀n nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná wá. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, ejò kékeré tí ń jẹun kiri ni eré inú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù PlayStation wá sí àdúgbò, tí àwọn ọmọ ń sanwó lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, ojúlùmọ̀ ní í jókòó ti ojúlùmọ̀.

Ohun mẹ́rin ló wá yí nǹkan padà. Fóònù olójú gbọọrọ di ohun tí òṣìṣẹ́ kékeré pàápàá lè rà. Àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun dé etíkun Èkó, dátà sì kúrò ní ohun àwọn ọlọ́lá nìkan. Àwọn tí ń ṣe eré náà wá gbé e sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́: Free Fire ní 2017, PUBG Mobile ní 2018, Call of Duty Mobile ní 2019. Èkẹrin ni ìsémọ́lé àrùn Kòrónà ní 2020, nígbà tí a ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí àwọn ọmọ kò sì rí ibòmíràn pàdé àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

A kò sọ pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló burú. Ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà ló pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ní 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá; ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ló wà nínú rẹ̀. Ọpọ́n wà fún ìmọ̀, ọpọ́n sì wà fún ayò. Ohun tí a bá gbé lé e lórí ni ó yẹ kí a máa bèèrè.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn òbí kan ń bi wá pé, báwo ni ọmọ tó wà ní Iléṣà ṣe lè máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó wà ní Fáránsé? Bí ó ti rí nìyí. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní ibìkan tí ó ń ṣe adájọ́ eré. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan fóònù, àṣẹ náà yóò sáré gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ bá adájọ́ yìí; adájọ́ yóò pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sì rán èsì sí gbogbo àwọn tó wà nínú eré náà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá falẹ̀, èsì yóò pẹ́, wọn yóò sì ti pa ọmọ náà nínú eré kí ó tó rí ẹni tó yìnbọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń bínú nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wo fídíò lórí dátà kan náà.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀. Eré tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń ṣe kò ṣeé dá dúró. Bí ẹ bá pe ọmọ pé kí ó wá lọ ra iyọ̀, tí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku díẹ̀,” kì í ṣe oríkunkun ní gbogbo ìgbà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é, bí ó bá sì jáde, wọn yóò pàdánù. Ìjà púpọ̀ nínú ilé ni ìmọ̀ kékeré yìí lè parí.

Oríṣiríṣi tó wà

Eré wọ̀nyí kò rí bákan náà rárá, gẹ́gẹ́ bí ìwé kò ti rí bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni eré bọ́ọ̀lù: EA FC, tí wọ́n ń pè ní FIFA títí di 2023, eFootball, tí wọ́n ń pè ní PES títí di 2021, àti Dream League Soccer. Bọ́ọ̀lù ni, kò ju bọ́ọ̀lù lọ, àfi bí owó bá wọ̀ ọ́.

Èkejì ni eré ogun. Nínú PUBG àti Fortnite, wọn a já 100 ènìyàn sílẹ̀ ní erékùṣù kan láìní ohun ìjà. Wọn a wá ìbọn, wọn a máa pa ara wọn, àyè a sì máa fún wọn títí yóò fi ku ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan. Free Fire ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn tí kò tó bẹ́ẹ̀ àti àkókò tí ó kúrú. Ìwọ̀n ipá inú wọn kò dọ́gba: Fortnite dàbí àwòrán ẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Òbí gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ̀kẹta ni eré ẹgbẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, bí League of Legends, Dota 2 àti Mobile Legends. Ó gba ọgbọ́n àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èébú ti pọ̀, nítorí pé àṣìṣe ẹnì kan ń ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìkọ́lé àti ìdásílẹ̀. Minecraft jáde ní kíkún ní 2011. Microsoft ra ilé iṣẹ́ tó ni ín ní 2014 ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, wọ́n sì kéde ní 2023 pé iye tí a ti tà ti kọjá mílíọ̀nù 300. Ọmọ lè fi kọ́ ilé, oko àti ìlú pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Roblox, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, dàbí ọjà: àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ń ṣe àìmọye eré tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọjà, a ń rí olóòótọ́, a sì ń rí gbájú-ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni eré tábìlì: lúdò, dráfù, ṣẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn tí ọmọ ilẹ̀ wa, Tunde Onakoya, ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbọ́ nípa eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Òṣogbo lè bá ọmọ Íńdíà ta á láìsan kọ́bọ̀.

Ibi tí ó ti ṣe rere

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ ní ìhà méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní orílẹ̀-èdè Norway tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mats Steen. Àrùn tí ń jẹ iṣan ara mú un láti kékeré, orí kẹ̀kẹ́ ló sì wà. Ojoojúmọ́ ló ń gbá World of Warcraft, àwọn òbí rẹ̀ sì ń káàánú rẹ̀ pé ó ń dá gbé ayé láìlọ́rẹ̀ẹ́. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní ẹni ọdún 25. Baba rẹ̀ fi ìròyìn ikú náà sí ojú ewé tí ọmọ náà máa ń kọ̀wé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kíá ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè: ẹnì kan ní ó gba òun nímọ̀ràn, òmíràn ní ó tu òun nínú. Àwọn kan wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbi ìsìnkú. Ìgbà yẹn ni àwọn òbí rẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọ àwọn ní ẹgbẹ́, ó sì ní iyì. Fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 2024.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ènìyàn gidi ni ó wà lẹ́yìn àwòrán wọ̀nyẹn, wọ́n sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ohun tó dunni jù ni pé àwọn òbí tó fẹ́ràn ọmọ wọn tọkàntọkàn kò mọ̀ títí ó fi kú.

Iṣẹ́ tún wà nínú rẹ̀. Abiola Olaniran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ láti máa ṣe géèmù. Ní Èkó, Maliyo Games ti Hugo Obi bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ẹni tí ń ṣe eré yàtọ̀ sí ẹni tí ń ṣe é jẹun. Kí ọ̀dọ́ má sì tan ara rẹ̀: lóòótọ́ ni Kyle Giersdorf, ọmọ ọdún 16, gba mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là nínú ìdíje Fortnite ní New York ní 2019, ṣùgbọ́n àwọn tó ni eré náà sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 40 ènìyàn tó gbìyànjú láti dé ibẹ̀.

Kòtò mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà

Owó ni kòtò kìíní. Bí eré bá jẹ́ ọ̀fẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń jèrè? Wọ́n ń ta aṣọ, ijó àti ìbọn aláràbarà fún àwòrán inú eré. Ará Ìjẹ̀ṣà kò ní ṣàì rántí òṣómàáló, tí ń gbé aṣọ fún ni láwìn, tí yóò sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ń dárúkọ iye kí ó tó gbé aṣọ sílẹ̀. Nínú eré wọ̀nyí, owó a ti di ‘dáyámọ́ńdì’ tàbí Robux kí ọmọ tó ná an, kò sì ní mọ iye tó ti lọ. Ní oṣù kejìlá 2022, àjọ tí ń rí sí ìṣòwò ní Amẹ́ríkà, FTC, fi Epic Games tó ni Fortnite sábẹ́ sísan mílíọ̀nù 520 dọ́là: 275 nítorí àṣírí àwọn ọmọdé, 245 láti dá owó padà fún àwọn tí wọ́n fọgbọ́n mú ra ohun tí wọn kò fẹ́. Àpótí kan tún wà tí a ń sanwó ṣí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tẹ́tẹ́ ni orílẹ̀-èdè Belgium pè é ní 2018, wọ́n sì fòfin dè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní gbà kí ọmọ yín wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ẹ yẹ inú fóònù wò.

Àjèjì ni kòtò kejì. Ọ̀pọ̀ eré yìí ní ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ síra wa lẹ́tí. Ẹni tó ń wá ọmọdé fún ibi kò nílò láti dúró sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Yóò fún ọmọ ní ẹ̀bùn nínú eré, yóò yìn ín, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n lọ máa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ pàápàá ti rí i. Ní oṣù kọkànlá 2025, Roblox kéde pé òun yóò máa yẹ ojú oníbàárà wò láti fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó tó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Àkókò ni kòtò kẹta. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà ní 2019 pé àìsàn géèmù wà, ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ló ní in. Àmì rẹ̀ ni pé ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, géèmù gba ipò gbogbo nǹkan mìíràn, kò sì dáwọ́ dúró bí ó ti ń ba ẹ̀kọ́, oorun tàbí ilé jẹ́, tí èyí sì ń bá a lọ fún nǹkan bí oṣù 12. Ní Ṣáínà, láti 2021, òfin ní wákàtí kan péré, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ni ọmọ tí kò tíì pé 18 lè fi gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Ẹtì, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ni yóò ṣe òfin.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ mọ géèmù, àgbà mọ ènìyàn. Ẹ da ìmọ̀ méjèèjì pọ̀.

1. Ẹ bèèrè orúkọ eré náà, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ fún ìdajì wákàtí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, òun náà yóò sì rẹ́rìn-ín sí yín dájúdájú.

2. Ẹ bi í léèrè àwọn tó wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ta nìyí? Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?” Ẹni tí kò mọ̀ lójú, kí ó yọ ọ́. Ẹ pa ibi ọ̀rọ̀ sísọ fún ọmọ kékeré.

3. Ẹ má so káàdì báńkì mọ́ fóònù ọmọ. Bí ẹ bá ń lo fóònù kan náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ sí orí rírà.

4. Ẹ fi iye eré dá àkókò, kì í ṣe ìṣẹ́jú. “Eré méjì, ó parí” rọrùn láti pa mọ́ ju “jáde nísinsìnyí” lọ. Iṣẹ́ ilé àti ìwé kíkà ni kó ṣáájú.

5. Ní alẹ́, kí gbogbo fóònù sùn ní pálọ̀, títí kan ti bàbá àti ìyá.

6. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé bí àjèjì bá sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tàbí tó ní kí ó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́, kò ní jìyà bí ó bá wá sọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò gba fóònù òun ni í dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín kù. Ẹ má jẹ́ kí eré tí ẹ lè borí nínú rẹ̀ borí yín. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ọ̀ta nínú fóònù, ẹ má di òpè nínú kíláàsì. Ẹ má sì bú ẹni tí ẹ kò rí. Ọmọ ẹnìkan ni.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ojú àgbà tí kò sí nínú fóònù, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó ka ojú ewé tó kàn, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ta lo ń bá ṣeré?” Kí ẹ sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin.